Tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, ṣé ká jókòó ni àbí ká sá?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Àwa tá à ń tajà ní apá Oyingbo gba lẹ́tà pé ká kó ẹrù wa kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò sọ ibi tá a máa kó o lọ. A fẹ́ fẹsẹ̀ rìn gba orí Carter Bridge lọ bá àwọn tó kọ lẹ́tà náà ní ọ́fíìsì wọn ní Island, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Àwọn ọmọkùnrin kan láàárín wa ní tí ọlọ́pàá bá fọwọ́ kàn wá, òkò làwọn máa fi dá wọn lóhùn. Àwọn ìyá wa ní ká jókòó sílẹ̀ ká máa kọrin. Mi ò mọ èyí tí n bá tẹ̀ lé, torí àwọn tó jókòó ní Lekki lọ́jọ́sí, ṣé jíjókòó gbà wọ́n ni?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà ẹ, torí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni ìbéèrè, gbogbo èyí tó ṣáájú ẹ̀, àlàyé ni. Jẹ́ kí n tètè dá a lóhùn kó má bàa dà bí ẹni pé mò ń sá fún un. Rárá, jíjókòó ò gbà wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ 20 October 2020, àwọn ọmọ EndSARS tó ń fẹ̀hónú hàn lórí ìwà ipá ọlọ́pàá jókòó sílẹ̀ ní Lekki toll gate, wọ́n ń fì àsíà, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ṣọ́jà sì yìnbọn. Ẹni tó yìnbọn ló jẹ̀bi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí i sọ́rùn ẹni tó jókòó.

Àmọ́ jíjókòó ò fìgbà kan jẹ́ ayẹta. Ọ̀rọ̀ ni. Ò ń bá ọlọ́pàá tó wà níwájú ẹ sọ ọ́, ò ń bá ọ̀gá ẹ̀ sọ ọ́, ò ń bá ẹni tó ń wò ó lórí fóònù nílé sọ ọ́, pé wò ó, mi ò gbé nǹkan kan dání, kí lo fẹ́ fi mí ṣe? Tí ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ bá ṣì létí, ọ̀rọ̀ yẹn lágbára ju òkò lọ. Tí wọ́n bá ti dí i létí látòkè wá kí wọ́n tó rán an jáde, ìwọ náà wàá dìde ni, wàá máa lọ. Ibi tí mo dúró lé nìyẹn láti bí ogún ọdún tí mo ti ń ṣe lọ́yà fáwọn tí wọ́n ń kó níbi ìwọ́de: kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, iṣẹ́ kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀hún sì ní kíkọ́.

Ní ti àwọn ọmọkùnrin yín, mi ò ní wàásù fún wọn o. Kí wọ́n kàn ṣírò ẹ̀ bí ọlọ́jà. Ọlọ́pàá tó wá síbẹ̀, áṣíborí wà lórí ẹ̀, kóńdó wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe fún ẹni tó bá sọ òkò, ọkàn ẹ̀ tiẹ̀ máa ń balẹ̀ tí òkò àkọ́kọ́ bá ti dé torí ó ti rí ohun tó máa kọ sínú ìwé. Ẹni tí wọn ò kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é ni ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó jókòó sí títì tó ń pè é ní ọkọ mi. Mo ti rí ọlọ́pàá tó gbé kóńdó sókè tí kò mọ ibi tó máa gbé e sọ̀ sí, títí ọ̀gá ẹ̀ fi ní kó padà sẹ́yìn.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Erica Chenoweth àti Maria Stephan, ṣàkójọ ìjà 323 táwọn aráàlú jà láàárín 1900 sí 2006, àwọn tí kò gbé ohun ìjà, ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ló já sí rere, àwọn tó gbé ìbọn, 26. Ẹ má wá gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí Oyingbo bí ẹni gbé Bíbélì o, ìjà tí wọ́n kà ni èyí tí wọ́n fi ń lé ìjọba tàbí amúnisìn lọ, kì í ṣe ti ìsọ̀ ọjà. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ́de tí kò ní òkò nínú, ìyá arúgbó lè wá, ọmọ ilé ìwé lè wá, alákọ̀wé tó ń bẹ̀rù iṣẹ́ ẹ̀ náà lè gba ibẹ̀ kọjá kó dúró díẹ̀. Tí òkò bá ti wọ̀ ọ́, ogún ọmọkùnrin ló máa ṣẹ́kù, ogún èèyàn ò sì kún Black Maria kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Selma fún yín, àmọ́ kì í ṣe apá tí gbogbo èèyàn mọ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé ní 7 March 1965 nǹkan bí 600 èèyàn tó ń jà kí aláwọ̀ dúdú lè dìbò gun afárá Edmund Pettus nílùú Selma ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá da kóńdó àti tajútajú bò wọ́n, wọ́n lu John Lewis tó wà lára àwọn tó ṣáájú wọn lórí, tẹlifíṣàn gbé e wọ ilé onílé. Èyí tí wọn kì í sọ ni ti ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀. Martin Luther King kó èrò gun afárá yẹn padà ní 9 March, èrò yìí tiẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́, wọ́n dé iwájú àwọn ọlọ́pàá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ló bá yí padà, ó ní ká máa lọ. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ burúkú, wọ́n ní ojo ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dúró ná, ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kó èèyàn lọ jẹ kóńdó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ku díẹ̀ kí adájọ́ sọ̀rọ̀. 17 March adájọ́ ní wọ́n láṣẹ láti rìn, 21 March wọ́n gbéra, ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí, 25 March wọ́n wọ Montgomery, òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde ní August. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gun afárá yẹn, ẹ̀ẹ̀kan wọ́n jẹ̀yà, ẹ̀ẹ̀kan wọ́n yí padà, ẹ̀ẹ̀kan wọ́n kọjá, ti àárín yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́, akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ìjà lọ.

Ẹ wá fi wo Lekki. Lọ́jọ́ yẹn ìjọba Èkó kọ́kọ́ ní kónílé-ó-gbélé máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún wá sún un sí aago mẹ́sàn-án, kó tó lu aago méje ìbọn ti ń dún. Àwọn ọmọ yẹn ò ní olórí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí olórí ìwọ́de ní Nàìjíríà, wọ́n á pè é lọ sí Abuja, wọ́n á fún un ní tíì mu, tó bá dé ọ̀rọ̀ á ti yí padà lẹ́nu ẹ̀. Ó yé mi, mi ò bá wọn wí. Àmọ́ ohun tó bá a wá ni pé kò sí ẹnì kan tó lè sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ká padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kí gbogbo èrò yẹn sì gbọ́ sí i lẹ́nu.

Ní January 2012 tí wọ́n gbé epo láti 65 náírà sí 141, èmi náà wà ní Ojota, ní Gani Fawehinmi Park, olórin wà níbẹ̀, apanilẹ́rìn-ín, pásítọ̀, àwọn tó ń ta gúgúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òde ìgbéyàwó. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ sílé. Nígbà tí ìparí ọ̀sẹ̀ dé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní káwọn èèyàn sinmi kí wọ́n ra nǹkan sílé. Nígbà tí ṣọ́jà máa gba Ojota ní 16 January, ilẹ̀ lásán ni wọ́n gbà, èrò ti wà nílé, ọjọ́ yẹn náà nìjọba kéde pé epo ti di 97. Kì í ṣe gbogbo ohun tá a fẹ́ o, kì í sì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọkùnrin kan ní Ogba. Àmọ́ èmi mọ̀ pé ká ní ṣọ́jà bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Ojota lóru ọjọ́ yẹn, ìtàn míì là bá máa sọ.

Torí náà ẹ gbàgbé Carter Bridge. Mo bẹ̀ yín. Afárá ò ní kọ̀rọ̀, kò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún yín. Tí wọ́n bá dí iwájú láti Idumota, tí wọ́n dí ẹ̀yìn láti Iddo, ọ̀sà ló kù. Agolo tajútajú kan ṣoṣo láàárín èrò lórí afárá, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ á ti pa èèyàn kí ọlọ́pàá kankan tó gbé kóńdó. Ẹ wọ danfo ní méjì méjì, ẹ kọjá bí ẹni tó ń lọ rajà ní Balogun, kí ẹ pàdé ní apá Island, níbi tí títì bíi mẹ́rin ti já síra wọn, káwọn kan nínú yín sì ti lọ wò ó tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí ọ̀nà tó ṣí ní aago méje, ní aago mọ́kànlá àwọn ọlọ́mọlanke ti dí i pa.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí DPO àdúgbò náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣé a ń tọrọ àyè ni. Rárá o. Section 40 ìwé òfin 1999 ló fún yín láyè, Court of Appeal sì ti sọ ọ́ ní 2007 nínú ẹjọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá (IGP) àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pé a ò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ká tó ṣe ìwọ́de, òfin ọlọ́pàá tuntun ti 2020 tiẹ̀ ní tí ẹ bá ti fi tó wọn létí, àwọn ló yẹ kó wá dáàbò bò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sítáńpù sí ẹ̀dà tọwọ́ yín. Sítáńpù yẹn ni mo fẹ́, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ẹ yọ́ kẹ́lẹ́ wá da ìlú rú, òun la máa gbé síwájú adájọ́.

Iṣẹ́ tó wá pọ̀ jù ni ìdánrawò, òun sì làwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe. Lójú tajútajú kò sẹ́ni tó ń ronú, ohun tí ara bá ti mọ́ ló máa ṣe. Ní Nashville ní Amẹ́ríkà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ jókòó ní February 1960 sáwọn ilé oúnjẹ tí kì í tajà fún aláwọ̀ dúdú, James Lawson ń kó wọn jọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jókòó bí ẹni tó fẹ́ jẹun, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á máa bú wọn, wọ́n á fa àga lábẹ́ wọn, wọ́n á fẹ́ èéfín sìgá sí wọn lójú. Ẹni tó bá rí i pé òun ò lè fara dà á, kò lọ síwájú, ó gba iṣẹ́ míì, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì rẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di May, àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń jà lé lórí ti ń tajà fún aláwọ̀ dúdú. Ẹ má sì pe èyí ní nǹkan òyìnbó. Abẹ́òkúta wa yìí, láàárín 1947 sí 1949, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Funmilayo Ransome-Kuti kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe máa bojú bomú tí tajútajú bá dé, nígbà tí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ ìwọ́de dù wọ́n, wọ́n ní kì í ṣe ìwọ́de, picnic làwọn ń lọ. Picnic, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin! January 1949 Aláké Ademola fi orí oyè sílẹ̀, ó padà wá lẹ́yìn náà ṣá, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì.

Ẹ ṣe tiyín nínú ọgbà ilé ẹnì kan, lọ́jọ́ Sunday tí ọjà bá tú. Ẹ ká ìwé ìròyìn bíi kóńdó. Ẹ mú fèrè kan, ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jókòó, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dìde ká máa rìn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dojú bolẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọn ọ́, kí ẹnì kejì wà tó máa gbà á tí wọ́n bá mú ti àkọ́kọ́. Àwọn tó máa ṣe bí ọlọ́jà ò ní wọ́n yín, ẹni tó máa ṣe ọlọ́pàá dáadáa ló ṣòro, gbogbo wọn ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mo fi ní kí fèrè ìjókòó yàtọ̀ sí ti ìdojúbolẹ̀ ni tajútajú fúnra ẹ̀. À ń pè é ní gáàsì ni, lẹ́búlẹ́bú kíkúnná ni, ó wúwo ju afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ẹni tó bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀ ló máa mu ún jù. Ìbọn wá yàtọ̀, ẹni tó bá dúró ṣánṣán lọ́jọ́ ìbọn ló wà nínú ewu jù. Ẹ wá wò ó, ìró ìbọn tajútajú àti ìró ìbọn gidi jọra létí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, èèyàn á gbọ́ gbòlà, á dùbúlẹ̀ sínú tajútajú, ẹlòmíì á dìde láti sá fún ọta. Ẹ fi ẹnì kan tó mọ ìyàtọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ní fèrè, fèrè yẹn nìkan ni kí ẹ̀yin máa gbọ́. Tó bá jẹ́ tajútajú, ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ má sáré, ẹ kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ní Èkó láti apá òkun ni atẹ́gùn máa ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni pé ní Island apá Marina lẹ máa kọjú sí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rá tó ń fò nílẹ̀, òun kì í parọ́.

Ẹ má fọwọ́ lásán mú agolo ẹ̀, gbígbóná ni, á bó yín lọ́wọ́. Ẹ má ra ojú. Píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ fi ṣan ojú, kí ẹ dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kó má bàa ṣàn wọ ojú kejì, omi tútù ni o, kì í ṣe gbígbóná. Ẹni tó ń fi lẹ́ǹsì sójú kó yọ ọ́ sílé. Ẹ má para ojú pẹ̀lú òrí tàbí Vaseline láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ásímà, iṣẹ́ yín wà nílé, nídìí fóònù, mi ò bá yín ṣeré. Àti ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì tí wọ́n máa ń rẹ sínú áńkáṣíìfù, èyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbéraga láti ayé àwọn bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, èéfín ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, níbi tí iná sì wà ẹ̀yin fúnra yín lẹ di àtùpà. Bàtà tó dè mọ́ ẹsẹ̀ ni kí gbogbo èèyàn wọ̀, sílípáàsì ló ń ṣubú sí gọ́tà jù, tí ẹnì kan bá ti ṣubú àwọn mẹ́wàá á gorí ẹ̀.

Tí ẹnì kan bá wá sọ òkò, bóyá ọmọ yín ni o, bóyá jàǹdùkú tí wọ́n rán wá bíi àwọn tó kọlu àwọn ọmọ EndSARS ní Alausa ní 2020, ẹ má dì í mú, ẹ má lù ú. Ẹ fọn fèrè ẹ̀ẹ̀kan, kí gbogbo yín jókòó wìì. Òun nìkan ló máa ṣẹ́kù lóòró, kámẹ́rà á rí i, ọlọ́pàá á rí i, òun náà á rí ara ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ju òkò ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ tó wá ibi jókòó sí.

Tí wọ́n bá kó àwọn kan, ẹ ti kọ nọ́ńbà lọ́yà sápá pẹ̀lú bírò láti ilé, torí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Orúkọ yín nìkan ni kí ẹ sọ, ẹ ní ẹ máa dúró de lọ́yà, section 35 ló sọ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sọ pé tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé yín débẹ̀, ibo ní Èkó yìí ni kò sí kóòtù láàárín 40 kìlómítà? Ẹ má fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì tí ẹ ò kà. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn fúnra wọn, ẹ kà á sí wọn létí tí wọ́n bá gbàgbé. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, Office of the Public Defender wà fún un ní Èkó yìí. Kí àwọn yòókù má sì tú ká lọ sílé, ní Serbia, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Otpor tó bá ààrẹ wọn, Milosevic, jà títí ó fi lọ ní 2000, tí wọ́n bá mú ẹnì kan nínú wọn, èrò á ti dé iwájú tẹ́ṣàn kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀ tán. Èmi náà ti bá ìyálọ́jà mẹ́jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ́ṣàn kan rí títí di aago mọ́kànlá alẹ́, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń ki ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá pé ẹ kú iṣẹ́ o ọmọ mi, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa mú èèyàn wọn lọ.

Kó tó dórí gbogbo èyí ṣá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan: ṣé rírìn ni ohun tó máa dùn wọ́n jù? Ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ò ní. Ní December 1940 tí ìjọba gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ, Alimotu Pelewura, tó ń ta ẹja, tí kò mọ̀wé kà, kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn, wọ́n ti ọjà pa, wọ́n sì lọ bá òyìnbó ní ọ́fíìsì ẹ̀. Ìjọba gbé e lọ sókè sí £200, iye obìnrin wo ló ń rí £200 nígbà yẹn! Kóńdó ò lè lu ìsọ̀ tí wọ́n ti tì pa. Ẹ lọ bá Ìyálọ́jà yín àti ti àwọn ọjà tó múlé gbè yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n á bá yín ti ọjà fún ọjọ́ kan péré, kí ogún àgbàlagbà sì gbé lẹ́tà lọ sí Island lọ́jọ́ yẹn kan náà. Tí wọ́n bá gbà, ó ṣeé ṣe kí ìrìn ńlá yẹn má pọn dandan mọ́.

Tí wọn ò bá gbà, tí ẹ máa rìn, ẹ sọ ọjọ́ Sunday tí ẹ máa ṣe ìdánrawò fún mi. Màá wá ṣe ọlọ́pàá fún yín, mo ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn tó láti mọ bí wọ́n ṣe ń jágbe, mi ò sì ní rẹ́rìn-ín.